Morris Walk, Ilé Àtòpọ̀, àti Iṣẹ́ Dátà ní Woolwich

Láàárín Charlton àti Woolwich ní ìlà-oòrùn gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, ẹ́sítéètì kan wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ tí ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin là sí méjì, apá Àríwá àti apá Gúúsù, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Morris Walk. Ilé kọnkéré aláwọ̀ eérú ni wọ́n, òmíràn ga ní àjà mẹ́wàá, òmíràn kò ju àjà mẹ́ta lọ, ibùgbé tó wà nínú gbogbo wọn sì ju 500 lọ. N kò ní tan ẹnikẹ́ni jẹ pé ibẹ̀ lẹ́wà. Àwọn tó gbé ibẹ̀ pàápàá kì í fi ẹwà rẹ̀ yangàn. Ṣùgbọ́n ìtàn rẹ̀ kì í ṣe kékeré, nítorí pé níbẹ̀ ni ìgbìmọ̀ tó ń ṣe àkóso Lọ́ńdọ̀nù láyé ọjọ́un, LCC, ti kọ́kọ́ dán an wò láti má ṣe mọ ilé mọ́, bí kò ṣe pé kí wọ́n to ohun tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀ níbòmíràn pọ̀ títí yóò fi di ilé. Ní àdúgbò kan náà sì ni ìran tó tẹ̀lé e, tí ọmọ Yorùbá pọ̀ nínú wọn, ti ń kọ́ iṣẹ́ mìíràn tí títò-pọ̀ jẹ́ ọkàn rẹ̀, èyíinì ni ṣíṣe ìkànnì íntánẹ́ẹ̀tì tó ń bá database sọ̀rọ̀. Ní ojú tèmi, ọ̀kan náà ni iṣẹ́ méjèèjì, oríkèé kan náà ni àrùn sì ti ń wọlé sí wọn lára.

Woolwich kì í ṣe ìlú àná. Woolwich akànkọ̀-fọ́ba, Woolwich arọ̀bọn-rọta, ìlú tí iná kì í kú lójú ẹwìrì. Ní 1512 ni Ọba Henry Kẹjọ dá ibi ìkànkọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, tí wọ́n sì kan ọkọ̀ ogun gìrìwò tí wọ́n ń pè ní Henry Grace à Dieu. Nígbà tí ìjọba fi máa ti ibẹ̀ pa ní 1869, ilé ìbọn, Royal Arsenal, ti gba gbogbo ìlú mọ́wọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìbọn yìí ni wọ́n dá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Arsenal sílẹ̀ ní 1886, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa tí ń pariwo Arsenal títí ohùn wọn fi ń ha ní Èkó àti Ìbàdàn kò mọ̀ pé Woolwich ni wọ́n ti bí i, àti pé 1913 ló tó kó ẹrù lọ sí apá àríwá Lọ́ńdọ̀nù. Nínú 1886 yìí kan náà ni okùn wáyà abẹ́ òkun so Èkó mọ́ Lọ́ńdọ̀nù, òun náà sì ni ọdún tí àwọn ọba wa fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ogun Kírìjì. Ọ̀rọ̀ okùn wáyà yìí kì í ṣe àsọyà, nítorí pé ní etí odò Thames, nítòsí ibi tí Morris Walk yóò wà, ilé iṣẹ́ Siemens Brothers ti ń ṣe okùn abẹ́ òkun láti 1863, wọ́n sì ní ọkọ̀ tiwọn, Faraday, tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ okùn sí ìsàlẹ̀ ibú ní 1874. Irú okùn bẹ́ẹ̀ náà ni íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà kọjá lónìí, àfi pé bàbà ló wà nínú tàná, dígí ló wà nínú tòní.

Ìlú oníṣẹ́ ọwọ́ bẹ́ẹ̀ kò lè ṣe aláìní ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Ní 1890, Ọ̀gbẹ́ni Frank Didden, ẹni tó ń tọ ipasẹ̀ Quintin Hogg tó dá Polytechnic ti Regent Street sílẹ̀, dá Woolwich Polytechnic sílẹ̀, èyí tó jẹ́ èkejì irú rẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tó ti fi ọ̀sán lu irin ni wọ́n ń fi alẹ́ wá kọ́ ìṣirò àti ìmọ̀ ẹ̀rọ níbẹ̀, nítorí pé ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ní 1970 ilé ẹ̀kọ́ náà para pọ̀ mọ́ òmíràn, ó di Thames Polytechnic. Ní 1992 ó di Yunifásítì Greenwich. Nígbà tí ọgọ́rùn-ún ọdún tuntun sì ń wọlé, ó ṣí kúrò ní Woolwich lọ sínú ààfin àwọn ọmọ ogun ojú omi àtijọ́ ní Greenwich, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń gba abẹ́ òrùlé tí Christopher Wren yàwòrán rẹ̀ kọjá lọ sí yàrá kọ̀ǹpútà. Àwọn kan ní Woolwich kò tíì dárí ìṣílọ yẹn jì wọ́n, n kò sì dá wọn lẹ́bi.

Ká padà sí ọ̀rọ̀ ilé. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, bọ́ǹbù ti ba ọ̀pọ̀ ilé jẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn tó sì kù ti gbó, ènìyàn pọ̀ ju ibùgbé lọ, bíríkìlà kò sì tó. Àwọn ará Denmark ló ní ọgbọ́n kan lọ́wọ́: ilé iṣẹ́ Larsen & Nielsen ti ń da ògiri odindi kan nínú ilé ẹ̀rọ, tòun ti ojú fèrèsé rẹ̀, wọ́n ń fi ọkọ̀ ẹrù gbé e wá, kéréènì á gbé ọ̀kan lé orí èkejì, wọ́n á dè wọ́n mọ́ra, wọ́n á sì fi sìmẹ́ǹtì dí ojú ìsopọ̀. Kò sí igi àtẹ̀gùn tí wọ́n ń rì mọ́lẹ̀ yí ilé ká, bíríkìlà kò sì tó nǹkan. Morris Walk ni LCC ti kọ́kọ́ lo ọgbọ́n yìí, láàárín 1963 sí 1966, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé LCC fúnra rẹ̀ ti kógbá wọlé ní 1965, tí GLC sì ti gba ipò rẹ̀ kí iṣẹ́ náà tó parí. Ohun tí àwọn ayàwòrán ilé rí yìí dùn mọ́ wọn púpọ̀: ilé di ohun tí à ń ṣe bí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́.

Ìgbà tó fi máa di òwúrọ̀ kùtùkùtù 16 oṣù Karùn-ún 1968, ayọ̀ yẹn ti kúrò lójú wọn. Ní òdìkejì odò, ní Canning Town, ilé alájà méjìlélógún kan tí wọ́n ń pè ní Ronan Point, tí wọ́n fi ọgbọ́n Larsen & Nielsen kan náà kọ́, tí àwọn ayálégbé kò sì tíì gbé inú rẹ̀ tó oṣù mẹ́ta, ya lulẹ̀ ní igun kan láti òkè dé ìsàlẹ̀. Obìnrin kan ní àjà kejìdínlógún ló ṣáná sí sítóòfù láti fi gbé tíì kaná. Gáàsì tó ti ń jò bú gbàmù, ó ti ògiri síta, òkè sì wó lu ìsàlẹ̀. Ènìyàn mẹ́rin kú. Obìnrin náà kò kú. Bọ́ǹbù kọ́ ni gáàsì yẹn, ilé mìíràn ì bá gba irú rẹ̀ mọ́ra kí ògiri kan ṣoṣo sì lọ sí i. Kọnkéré kò láìsàn. Ibi tí kọnkéré kan ti di ọwọ́ kọnkéré kejì mú ni kò lágbára. Nígbà tí wọ́n ń tú ilé náà palẹ̀ ní 1986, tí ayàwòrán ilé kan tó ń jẹ́ Sam Webb ti ń pariwo fún ọ̀pọ̀ ọdún pé kí wọ́n wò ó, ìwé ìròyìn àti pàǹtírí ni wọ́n bá ní àwọn ojú ìsopọ̀ tó yẹ kí sìmẹ́ǹtì wà. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráàyè wọ ibẹ̀. Ìjọba yí òfin ilé kíkọ́ padà, wọ́n yọ gáàsì kúrò nínú ọ̀pọ̀ irú ilé bẹ́ẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè náà, ṣùgbọ́n Morris Walk dúró, ènìyàn sì ń gbé inú rẹ̀.

Ọdún ńlá ni 1968 yìí ní àgbègbè náà. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti ilé iṣẹ́ Siemens pa, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì pàdánù iṣẹ́. Inú rẹ̀ náà ni ìdílé àkọ́kọ́ kó wọ Thamesmead, ìlú tuntun tí wọ́n ń tẹ̀ dó sórí àbàtà lẹ́yìn ilé ìbọn, tí wọ́n fi ọgbọ́n ìtòpọ̀ ti àwọn ará Faransé kọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, ní Greenland tó wà lábẹ́ Denmark, ní erékùṣù tó kún fún yìnyín, wọ́n bí ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Rasmus Lerdorf. Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà dàgbà ná, a óò padà wá bá a.

Àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ṣáájú ìgbà yìí, òfin ni púpọ̀ nínú wọn wá kọ́. Ladipo Solanke, ọmọ Abẹ́òkúta, tó wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, WASU, sílẹ̀ ní 1925, agbẹjọ́rò ni, òfin náà sì ni ìgboyè tí ìyá àti bàbá ń fi ọmọ yangàn nígbà náà. Àwọn tó wá ní sáà òmìnira wá kọ́ ìṣirò owó, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ, wọ́n ń gbé yàrá kan ṣoṣo nílé onílé, nítorí pé ilé kánsù kì í tètè kan àlejò. Nígbà tí ètò àtúnṣe ọrọ̀ ajé Nàìjíríà, SAP, ti 1986 sì fa owó náírà lulẹ̀, tí olùkọ́ yunifásítì kò lè fi owó oṣù ra táyà, àwọn tó dé kò ní ìlérí àtipadà mọ́. Ní àkókò yẹn, ọ̀pọ̀ aláwọ̀ funfun ti ń kọ àwọn ẹ́sítéètì kọnkéré sílẹ̀, àwọn tó nílò ilé jù ni kánsù sì ń fi wọ́n fún. Bẹ́ẹ̀ ni Woolwich, Plumstead àti Thamesmead ṣe di ibi tí a ti ń gbọ́ Yorùbá nínú bọ́ọ̀sì, tí èlùbọ́ àti ata rodo wà ní ẹ̀gbẹ́ ọjà Beresford Square. Gbọ̀ngàn sinimá ńlá méjì tí wọ́n ṣí ní Woolwich ní 1937, Odeon àti Granada, ọwọ́ ìjọ tí àwọn ọmọ Nàìjíríà dá sílẹ̀ ni àwọn méjèèjì bọ́ sí níkẹyìn: ọ̀kan di New Wine Church, èkejì di Christ Faith Tabernacle. Bí ẹnì kan bá ní orin ìyìn kò yẹ ilé sinimá, kó lọ gbọ́ bí ohùn ti ń dún lábẹ́ òrùlé yẹn.

Lára àwọn wọ̀nyí àti àwọn ọmọ wọn, kọ̀ǹpútà gba ipò tí òfin wà láyé Solanke. Ẹni tó ti gboyè nínú ìmọ̀ ewéko tàbí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní Ifẹ̀ tàbí Àgọ́-Ìwòyè lè wọlé fún másítà ọdún kan nínú kọ̀ǹpútà, kó ṣọ́ ilé tàbí tọ́jú arúgbó lóru, kó sì jókòó sí kíláàsì lọ́sàn-án. Ìjọba ń ṣí ilẹ̀kùn, ó ń tì í: láti 2008 sí 2012 àwọn tó gboyè lè dúró ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì, wọ́n gba ìyẹn kúrò, wọ́n dá irú rẹ̀ padà ní 2021, ṣùgbọ́n láti oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2024, ẹni tó wá ka másítà inú kíláàsì kò lè mú ọkọ, ìyàwó tàbí ọmọ dání mọ́. Síbẹ̀ wọ́n ń wá. Ẹ̀kọ́ tí ó sì máa ń jẹ́ ojúlówó nínú másítà wọ̀nyí, tó sì lè mú owó wọlé, ni ti ìkànnì tó ní database lẹ́yìn.

Ẹni tó bá mọ alájọ ọjà ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà. Alájọ ní ìwé ńlá kan nílé. Nínú rẹ̀, oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀ àti nọ́ńbà tirẹ̀, nítorí pé Ìyá Bọ́sẹ̀ lè tó mẹ́ta nínú ọjà kan ṣoṣo. Bí oníbàárà bá fẹ́ mọ iye tó ti dá, kì í ṣí ìwé náà fúnra rẹ̀. Ó rán ọmọọṣẹ́ alájọ wọlé, ọmọọṣẹ́ á wo ìlà, á kọ èsì sórí tákàdá, á gbé e jáde. Ìwé ńlá ni database. Ọmọọṣẹ́ ni ètò tí akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ. Tákàdá ni ojú-ìwé tí à ń rí lórí fóònù. Tákàdá yẹn kò sí níbì kankan tẹ́lẹ̀. Ìgbà tí a béèrè ni wọ́n kọ ọ́, ẹlòmíràn tó bá sì béèrè, tirẹ̀ ni wọn yóò kọ fún un.

Ẹni tó gbé èrò ìwé ńlá náà kalẹ̀ ni Edgar Codd, ọmọ Portland ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó ń ṣiṣẹ́ fún IBM ní California. Ní 1970, ọdún kan náà tí Woolwich Polytechnic yí orúkọ padà, ó kọ ọ́ pé kí wọ́n tọ́jú gbogbo dátà sínú àtẹ lásán, ìlà àti òpó, kí ìṣirò sì máa ṣe àsopọ̀ láàárín àtẹ kan àti èkejì. Chamberlin àti Boyce, ará IBM náà, ṣe èdè ìbéèrè sí i, èyí tó di SQL. Tim Berners-Lee, ọmọ Lọ́ńdọ̀nù, ló gbé wẹ́ẹ̀bù kalẹ̀ ní 1989 ní CERN, lẹ́bàá Geneva. Ìwé àti wẹ́ẹ̀bù ti wà, ọmọọṣẹ́ tó máa rìn láàárín wọn ni kò tíì pọ̀. Lerdorf tí a fi sílẹ̀ ní Greenland, tó ti dàgbà ní Canada, kọ ètò kékeré kan kó lè mọ iye ènìyàn tó ń ka ìwé ìgbésí ayé rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì; ní 1995 ó fi í sílẹ̀ fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́, òun ni PHP. Ọdún yẹn náà ni MySQL, database ọ̀fẹ́, jáde ní Sweden. Ọ̀dọ́ aláìlówó ní Thamesmead tàbí ní Ṣógúnlẹ̀ lè wá ní gbogbo rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà àlòkù láìsan kọ́bọ̀. Àwọn ará Denmark ti fún Woolwich ní ògiri. Ọmọ wọn ló tún fún un ní PHP.

Kíláàsì irú ẹ̀kọ́ yìí kì í fi kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀. Páálí àti pẹ́ńsùlù ni. Akẹ́kọ̀ọ́ á ya àpótí, á kọ «Oníbàárà», «Ọjà», «Ìbéèrè» sínú wọn, á fi ìlà so wọ́n, olùkọ́ á sì máa bi í léèrè pé, ṣé oníbàárà kan lè béèrè ọjà púpọ̀, ṣé ọjà kan lè wà nínú ìbéèrè púpọ̀, títí orí yóò fi fọ́ ọ. Òfin ibẹ̀ ni pé kí òtítọ́ kan má ṣe wà ní ojú méjì: bí àdírẹ́sì ẹnì kan bá wà níbi mẹ́ta, ọjọ́ tó bá kó ilé, ibi kan yóò máa purọ́. Nínú gbogbo ẹ̀kọ́ náà, ibí ni mo gbà pé ó yẹ ọgbọ́n yunifásítì jù. Ìyókù, aláápọn lè kọ́ ọ nílé. Lẹ́yìn náà ni SQL, lẹ́yìn náà ni PHP tàbí Java, lẹ́yìn náà ni ọ̀nà láti rántí ẹni tó ń bá wa sọ̀rọ̀, nítorí pé wẹ́ẹ̀bù kò ní ìrántí: bí a ti wọlé lẹ́ẹ̀kejì, àlejò tuntun ni wá lójú rẹ̀, àfi bí a bá fún un ní àmì ìdánimọ̀, cookie, tí Lou Montulli ti Netscape gbé kalẹ̀ ní 1994. Ní ìparí, iṣẹ́ àṣekágbá: ilé ìtajà, ilé ìkàwé, tàbí hòtẹ́ẹ̀lì, tí akẹ́kọ̀ọ́ máa fi han olùkọ́ lójúkojú.

Ọ̀rọ̀ ààbò ni ọ̀pọ̀ ìlànà ẹ̀kọ́ máa ń fi sí ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn, mo sì lòdì sí i. Nítorí níbi tí ọmọọṣẹ́ ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu oníbàárà lọ sọ fún ìwé ńlá ni oríkèé wà. Bí ọmọọṣẹ́ bá jẹ́ ọ̀dẹ̀ tó ń tún gbogbo ohun tí oníbàárà wí sọ gẹ́lẹ́, oníbàárà burúkú á wí pé, «Nọ́ńbà mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mí, kí o sì kó gbogbo ìlà àwọn yòókù jáde», òun náà á sì kó o jáde. Ìwé ìròyìn àwọn ọlọ́gbọ́n-ẹ̀wẹ́ kọ̀ǹpútà, Phrack, ti tẹ ọgbọ́n ibi yìí jáde ní ìparí 1998. Ọdún mẹ́tàdínlógún lẹ́yìn náà, ní oṣù Kẹwàá 2015, ọ̀nà yìí kan náà ni wọ́n gbà wọ inú TalkTalk, ilé iṣẹ́ fóònù ní Ìlú Ọba, tí wọ́n jí dátà oníbàárà 156,959. Àjọ tó ń rí sí ààbò dátà bu ìtanràn £400,000 lé TalkTalk lórí. Àwọn ojú-ìwé tí olè gbà wọlé kì í ṣe TalkTalk ló ṣe wọ́n: ogún ni, láti ara Tiscali tí wọ́n rà ní 2009, wọn kò sì mọ̀ pé ó ṣì wà níbẹ̀. Nínú irú ìkọlù báyìí, lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe ara PHP tàbí ara MySQL ni àrùn wà. Ibi tí ọ̀kan ti di ọwọ́ èkejì mú ni wọ́n fi ìwé ìròyìn dí. Ìwòsàn rẹ̀ kò sì le: kí á kọ́kọ́ fi ìbéèrè lé database lọ́wọ́, kí á tó wá fi ọ̀rọ̀ oníbàárà lé e lọ́wọ́ lọ́tọ̀, kí ó lè mọ èyí tó jẹ́ àṣẹ àti èyí tó jẹ́ ọ̀rọ̀ lásán. Ẹ̀kọ́ ọjọ́ kan ni. Ọ̀sẹ̀ kìíní ló yẹ kó wà.

Oríkèé mìíràn wà tó jẹ́ tiwa nìkan. Nítorí pé Sweden ni MySQL ti wá, tí ẹnikẹ́ni kò bá sọ nǹkan kan fún un, ọ̀nà ìkọ̀wé àwọn ará ìwọ̀-oòrùn Europe, tí wọ́n tò bí álífábẹ́ẹ̀tì Sweden, ló fi ń tọ́jú ọ̀rọ̀, títí di ẹ̀dà kẹjọ rẹ̀ ní 2018. Nínú ọ̀nà yẹn, á àti è wà. Ṣùgbọ́n ẹ, ọ àti ṣ kò sí. Ọ̀gbẹ́ni Ọláṣẹni á kọ orúkọ rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù, ohun tí yóò sì padà rí ni «?lá??ni». Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n ilé yìí kò wo tiwa. Àwọn kan máa ń sọ pé Ifá pẹ̀lú odù 256 rẹ̀ ni ó bí kọ̀ǹpútà. N kò bá wọn dá sí ìyẹn, nítorí ìyangàn tí kò lè tọ́jú àmì sábẹ́ ọ fún Ọláṣẹni, kí ló wúlò fún? Iṣẹ́ tó níye lórí lójú mi ni irú èyí tí Kọ́lá Túbọ̀sún àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní bí ọdún 2015, YorubaName, àká orúkọ Yorùbá lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí àmì ohùn rẹ̀ pé, tí ẹni tó wà ní Woolwich lè wá orúkọ bàbá rẹ̀ kó sì rí i bí wọ́n ti ń kọ ọ́ nílé. Database tó wà lẹ́yìn ìkànnì ni, gẹ́lẹ́ bí wọ́n ti ń kọ́ ọ ní kíláàsì.

Morris Walk fúnra rẹ̀ kò sí mọ́. Kánsù Greenwich àti ilé iṣẹ́ Lovell fi í kún ètò One Woolwich, pẹ̀lú ẹ́sítéètì Connaught àti Maryon Road, wọ́n tú àwọn olùgbé ká, wọ́n sì wó àwọn ògiri Denmark náà, kí wọ́n lè kọ́ ilé tuntun tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ jẹ́ fún títà. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí. Ṣùgbọ́n àwọn tó gbé inú ilé náà kí ó tó jó, gbogbo wọn kọ́ ni ó padà wọ èyí tuntun. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ gbé Morris Walk rí, ẹ̀yin tí ẹ kàwé ní Thames Polytechnic nígbà tó ṣì wà ní Woolwich, mo bẹ̀ yín, ẹ kọ ohun tí ẹ rántí sílẹ̀, orúkọ, ọdún, nọ́ńbà ilé, iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe lóru, ẹ kó o lọ fún àwọn tó ń tọ́jú ìwé ìtàn ní Royal Greenwich. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ sì ń wá iṣẹ́ àṣekágbá fún másítà yín, ẹ fi hòtẹ́ẹ̀lì sílẹ̀, ẹ kọ́ àká kan fún ìrántí àwọn wọ̀nyí, kí ẹ sì rí i pé ó lè gba ẹ, ọ àti ṣ.